Àbàwọ́n Èéfín Ara Ọkọ̀ Dókítà Eyín

Pùtù-pùtù-pùtù, pùàá! Pùtù-pùtù-pùtù, pùàá! Bí ọkọ̀ ojú omi dókítà eyín ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá ń wọlé bọ̀ sí ọgbà ọkọ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́. Páìpù tó wà nídìí rẹ̀ á rún èéfín lẹ́nu díẹ̀, á wá tu omi jáde pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á na ìka sí páìpù náà, á ní, "Ẹ wò ó, òun náà ń fi omi ṣan ẹnu. Àfi bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín rẹ̀ ni." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. A ti gbọ́ ọ nígbà ogún, a ṣì máa ń rẹ́rìn-ín, torí èèyàn dáadáa ni, àti pé ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà máa la ẹnu níwájú rẹ̀?

Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ibi tí mo wà báyìí tutù, etí mi ọ̀tún ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìró yẹn ò gbàgbé ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Èmi ni mo ń fọ ọkọ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi, ṣùgbọ́n níwájú Bọ̀dá, àbúrò ni àbúrò ń jẹ́. Dígí ni àwọn ará ọgbà ń pè mí, torí tí mo bá fọ ọkọ̀ tán, èèyàn lè dúró síwájú rẹ̀ kó fá irùngbọ̀n. Ti Bọ̀dá, Mò-ń-bọ̀ ni wọ́n sọ wọ́n. Bó o bá pè wọ́n níbi tí wọ́n sùn gbalaja sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, "Mò ń bọ̀" ni. Pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, "Mò ń bọ̀." Oúnjẹ á tutù, tíì á di omi odò, Bọ̀dá ṣì ń bọ̀. Ìyàwó wọn a máa ní ọjọ́ tí ikú bá wá pe ọkọ òun, ikú fúnra rẹ̀ á wá àga jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń dán lára ọkọ̀ ojú omi yẹn, awọ fẹ́lẹ́ kan ni. Kò nípọn ju èékánná lọ, òun ló sì ń dáàbò bo gbogbo ìyókù. Èéfín ẹ́ńjìnnì á máa fọ́n sí i lára níbi ìdí, á dúdú, á pupa rẹ́súrẹ́sú, á lẹ̀ mọ́ ọn bí ìdọ̀tí abẹ́ ìkòkò. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò tàbí kànrìnkàn onírin, á fi agbára ha á. Àbàwọ́n á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n awọ ti bó, ojú rẹ̀ ti lu ihò wẹ́wẹ́, èéfín tó bá sì tún dé, inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn ló ń wọ̀, kò ní jáde mọ́ láéláé.

Tiwa yàtọ̀. Omi lásán lákọ̀ọ́kọ́, kí iyọ̀ lè lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ tí kò le. Lẹ́yìn ọṣẹ, omi kíkan tí èmi fúnra mi pò, tó rọ̀ débi pé o lè fi ahọ́n kàn án. Àkísà rírọ̀ la fi ń fi í pa ara ọkọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí bó bá ti òkè ṣàn gba ibi gbígbẹ kọjá, ìlà tó bá fà síbẹ̀, ìwọ àti òun ni ẹ jọ máa dàgbà. A ó dúró díẹ̀. Àbàwọ́n á rọ̀, á tú fúnra rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n nà. A ó fi omi ṣan án nù, a ó nù ún gbẹ, a ó fi ìda kùn ún. A kì í sì í ṣe é nínú oòrùn. Omi kíkan tó bá gbẹ mọ́ ara ọkọ̀ nínú oòrùn ti jó awọ náà nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọgbà, mi ò jó awọ ọkọ̀ kankan rí, mo sì ń fi yangàn.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti ọgbà wa nìkan. Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò bá a pàdé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nu àbàwọ́n èéfín kí mẹkáníìkì tó wò ó. Bọ̀dá ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ò lẹ́nu, ara ọkọ̀ ló ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ sí. Dúdú gbígbẹ ní ohun tó ń sọ, dúdú olóróró ní tirẹ̀. Bọ̀dá á dúró níwájú àbàwọ́n, wọ́n á dorí kọdò díẹ̀, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á gbóòórùn ìka náà. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n á lọ síbi pátákó dúdú tó wà lára ògiri, níbi tí a kọ àwọn ọkọ̀ tó wọlé sí, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan tó tẹ̀ lórí bí ọ̀pá arúgbó. Ìgbà yẹn ni èmi tó lè ki àkísà bọ omi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni dókítà eyín gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ò wọ ọkọ̀ náà rí. Ó ní òun ò lè wọ ohun tí ìdí rẹ̀ dọ̀tí bí ìdí ọmọ tí wọn ò tíì wẹ̀. Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dígí, jọ̀ọ́. Ọ̀la, aago mọ́kànlá, mò ń mú ìyàwó mi bọ̀. Bá mi fọ̀ ọ́ débi tí ẹnu rẹ̀ máa pa dé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Dókítà. Màdáámù máa rò pé ẹ ti ra tuntun ni."

Láàárọ̀ Sátidé, mo ti gbé korobá mi débẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà sórí òpó igi. Mo wo àbàwọ́n náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ahọ́n mẹ́ta ló ní, ti àárín gùn ju àwọn méjì tó kù lọ. Etí rẹ̀ pupa bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, iyọ̀ funfun sì gbẹ sí i láàárín. Mo pe Bọ̀dá, tí wọ́n wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá kan lápá kejì ọgbà.

"Bọ̀dá, ẹ wá bá mi wo ti dókítà eyín o!"

"Mò ń bọ̀!"

Ìbòòji ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó máa ń lọ. Bó bá ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, oòrùn á yọjú lórí òrùlé ilé iṣẹ́ wa, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pe Bọ̀dá ní aago méje. Mo pe wọ́n ní aago méje ààbọ̀. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá, mo rìn lọ bá wọn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì nìkan ló yọ síta.

"Bọ̀dá, oòrùn ń bọ̀ o."

"Èmi àti oòrùn, ta ló yá jù? Mo ní mò ń bọ̀."

"Omi kíkan tí mo ti pò ń kú lọ."

"Po òmíràn. Àbí ọtí ni, tó o fi ń bẹ̀rù kó má dà nù?"

Mo padà sídìí ọkọ̀. Ìbòòji ti kù bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ara ògiri. Bí mo bá dúró, màá fọ̀ ọ́ nínú oòrùn, màá jó awọ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, Màdáámù á dé bá ìdọ̀tí, ojú á ti dókítà. Kí n má ba ọkọ̀ jẹ́ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwíjàre, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Mo lọ síbi pátákó, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà tó tẹ̀ lórí síwájú orúkọ ọkọ̀ náà. Ó jọ ti Bọ̀dá débi pé àwọn fúnra wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá dé, màá júwe àbàwọ́n náà fún wọn, wọ́n á bú mi díẹ̀, ó parí.

Mo fọ̀ ọ́. Ká sòótọ́, mi ò fọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ahọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bá omi lọ.

Aago mẹ́wàá ni Bọ̀dá dé, tí wọ́n ń fi àkísà nu òróró lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ pátákó ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Wọ́n dúró.

"Dígí, ṣé mo ti wo ti dókítà eyín ni?"

Orí àkàbà ni mo wà, ìda lọ́wọ́ mi. Mo wo ara ọkọ̀ tó ń dán, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀.

"Ẹ ti wò ó kẹ̀, Bọ̀dá."

Wọ́n họ orí. Ọkọ̀ márùn-ún ni wọ́n ti wò láti Ọjọ́bọ̀. "Ó dáa. Àgbà ti ń dé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ jẹun.

Màdáámù dé ní aago mọ́kànlá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ọkọ̀, ó wo ara rẹ̀ níbẹ̀, ó tún irun rẹ̀ ṣe. Ó ní ọkọ òun ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n irun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí ò ní fara mọ́ atẹ́gùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa wọ̀ ọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á wà á lọ fún wákàtí kan, kí òun dán an wò. A tì í sómi. Mo gbọ́ pùtù-pùtù-pùtù. Mo ń retí pùàá. Kò wá. Pùtù-pùtù-pùtù títí ó fi yí igun odò, omi ò jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó ti ń léfòó lórí omi fúnra rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Tíì inú fúláàsì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gíláàsì ojú dókítà wà lórí àga, ó ká apá rẹ̀ pọ̀ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ fi omi bọ́jú, tó máa tún padà wá gbé e wọ̀. Wọn ò rí òun fúnra rẹ̀ títí dòní.

Bọ̀dá tú ẹ́ńjìnnì náà jáde. Wọ́n rí i pé nǹkan ti dí ọ̀nà omi tó yẹ kó máa tu páìpù náà lára. Rọ́bà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ti jó lu, èéfín ti yí padà sínú yàrá ọkọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ojú yí dókítà, ó sáré jáde wá gba afẹ́fẹ́ létí ọkọ̀, omi sì gbà á.

Ìyàwó rẹ̀ wá ní Ọjọ́rú. Kò sunkún. Ó dúró ní àárín ilé iṣẹ́ wa, ó di àpò rẹ̀ mú níwájú.

"Ọkọ mi sọ fún mi pé ẹ máa ń ka èéfín níbí. Ó ní ẹ kì í fọ̀ ọ́ láìkà á. Ta ló ka tiwa?"

Bọ̀dá wo pátákó. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀.

"Èmi ni, Màdáámù."

"Kí ló sọ fún yín?"

Bọ̀dá yíjú padà sí i. "Mo wò ó, Màdáámù. Mo wò ó, mi ò rí i."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó o fọ̀ ọ́ ńkọ́? O rí nǹkan kan?"

"Rárá, Mà."

Omi ló wà lẹ́nu mi, mi ò lè tu ú, mi ò lè gbé e mì. Ọjọ́ yẹn ni Bọ̀dá kó irin iṣẹ́ wọn sínú àpótí, tí wọ́n tì í, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ̀gá wa lọ́wọ́. Wọn ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́ láyé wọn. Ìdí ẹnu ọ̀nà ọgbà ni wọ́n ń jókòó sí láti ìgbà náà, tí wọ́n ń ṣí géètì, tí wọ́n ń tì í. Kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní Mò-ń-bọ̀ mọ́.

Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà padà sórí òpó igi lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ló wà, ní wẹ́wẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi àkísà dí ẹnu páìpù náà kí eku má bàa wọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Màdáámù wá, mo gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kọjá. Ìrì ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ti dókítà eyín, níbi ìdí, ibì kan gbẹ róbótó. Nínú ibi gbígbẹ yẹn ni mo ti rí i: ahọ́n mẹ́ta, ti àárín gùn jù, etí rẹ̀ pupa, iyọ̀ láàárín.

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì tutù rin, bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ara ọkọ̀ náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìhà ẹni tó ń sùn. Àkísà mi wà lẹ́nu páìpù bí mo ṣe fi í síbẹ̀, ó gbẹ táútáú. Lórí ilẹ̀ nísàlẹ̀ páìpù, omi díẹ̀ dúró síbẹ̀. Òjò ò rọ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ wò: iyọ̀.

Kí ni kí n sọ pé mo rò? Mi ò ro nǹkan kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: bí Bọ̀dá bá rí èyí, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ò rí i rí. Mo sáré gbé korobá. Omi, ọṣẹ, omi kíkan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó tú, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọgbà kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ní àárọ̀ kẹrin, bí mo ṣe ń pa omi kíkan sí i lọ sókè, mo rí i pé dúdú náà ń bá ọwọ́ mi gòkè, ó ń ṣíwájú àkísà, bíi pé ó fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun lọ wo nǹkan lókè. Mo dúró. Òun náà dúró.

Àárọ̀ karùn-ún ni mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá lẹ́yìn mi.

"Kí lo ń fọ̀ níbẹ̀? Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Eruku ni, Bọ̀dá." Mo ti nù ún tán. Mo ti àkísà dúdú náà sínú aṣọ mi. Ó gbóná mọ́ mi níkùn.

Wọn ò wo ọkọ̀. Wọ́n jókòó sórí igi kan, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Wọn ò fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ mélòó kan.

"Àbúrò mi, mo ti ń gbìyànjú láti rántí. Mo máa ń dijú, kí n lè rí àbàwọ́n tí mo wò lọ́jọ́ yẹn. Láti ìjẹta, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lánàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Dúdú lásán ni. Ahọ́n kan ṣoṣo. Kò sí ohun búburú kankan nínú rẹ̀." Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ìwọ náà rí i bẹ́ẹ̀, àbí?"

Ìbẹ̀rù mú mi ju bí àbàwọ́n náà ṣe dẹ́rù bà mí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń rántí ohun tí ojú wọn ò rí rí, èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì gbìn ín sí wọn lórí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Dúdú lásán ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣí géètì.

Ní àárọ̀ kẹjọ, omi kíkan ò ràn án mọ́. Mo pa á títí ojúmọ́ fi mọ́, ahọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí. Mo gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì. Ni mo bá sáré wọ ilé ìdáná ọgbà, mo gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò àti kànrìnkàn onírin. Èmi Dígí! Mo ha á. Mo ń gbọ́ bí awọ náà ṣe ń bó, bí ẹni tó ń rún yanrìn lẹ́nu. Àbàwọ́n lọ. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ di funfun ràkọ̀ràkọ̀, kò dán mọ́, bí ojú ẹni tó fọ́. Lọ́jọ́ kejì, èéfín ti wọ inú rẹ̀. Kò sí ohun tó lè yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Mo wá tapólì, mo fi bo ìdí ọkọ̀ náà, mo dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kan, mo bá a lọ.

Mo ti bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà. A sọ ti ara, a sọ ti ọmọ, a sọ ti ojú ọjọ́. Bó bá ku díẹ̀ kí n sọ ọ́, màá ní kí wọ́n kí ilé fún mi. Ìyàwó dókítà eyín kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó kú láìgbọ́.

Lọ́sàn-án àná, ọmọ Bọ̀dá obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Òun ló ń tọ́jú wọn. Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta, etí òsì.

"Bàbá kékeré, ẹ kú ilé. Ẹ dákun, ẹ bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Láti ìgbà tí ojú wọn ti ṣókùnkùn yìí, wọ́n máa ń fọwọ́ wá ògiri lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ láràárọ̀, níbi ọkọ̀ àtijọ́ kan tí tapólì ti gbó mọ́ lára. Wọ́n á gbé abọ́ omi àti aṣọ dání. Wọ́n ní àwọn ń gbóòórùn èéfín. Mo rò pé ogbó ni. Wọ́n ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ni mo bá tẹ̀ lé wọn láàárọ̀ yìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá kékeré, aṣọ tí wọ́n fi nu ara ọkọ̀ yẹn dúdú, ó sì gbóná. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ojú rẹ ríran. Sọ bó ṣe rí fún mi. Ahọ́n kan ni, àbí? Dúdú lásán?' Mo wò ó. Ahọ́n mẹ́ta ni, etí rẹ̀ pupa. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mo ní wọ́n jẹ́ kí n bá wọn mú ìgò ojú mi wá lọ́la. Ṣé kí n sọ ohun tí mo rí fún wọn?"

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn láti àná. Bí ọmọ náà bá sọ ohun tó rí láìmọ ìyókù, Bọ̀dá á gbà pé àwọn dúró níwájú ahọ́n mẹ́ta yẹn, àwọn wò ó, àwọn sì fi ṣọ́ọ̀kì sí i pé kí ọkùnrin náà máa lọ. Ní ọjọ́ orí tí wọ́n wà, ó máa pa wọ́n. Bó bá sì purọ́ fún wọn láti fi tù wọ́n nínú, irọ́ tèmi ló tún pa lẹ́ẹ̀kejì, tí ọmọ tí mi ò tọ́ wá di ẹni tó ń gbé ẹrù mi.

Mo kọ èsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ kún fún oòrùn àti ìbòòji. Ti kejì kún fún ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó jí lọ́hùn-ún, mo fi èyí ránṣẹ́:

"Ọmọ mi, ka èyí sí bàbá rẹ létí kí ẹ tó jáde nílé, má fo ọ̀rọ̀ kankan. Bọ̀dá mi, èmi àbúrò yín ni. Ẹ ò wo àbàwọ́n ọkọ̀ dókítà eyín láàárọ̀ Sátidé yẹn. Èmi ni mo fa ìlà yín sójú pátákó. Èmi ni mo nù ún kí ẹ tó dé, èmi náà ni mo sì sọ fún yín pé ẹ ti wò ó. Dúdú lásán tí ẹ ń rí tí ẹ bá dijú, kò sí níbẹ̀ rí. Ahọ́n mẹ́ta ló ní, etí rẹ̀ pupa, iyọ̀ gbẹ sí i láàárín. Ká ní ẹ rí i, ọkùnrin yẹn ì bá má lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹ má mú aṣọ dání lónìí. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí ẹ pe gbogbo ará ọgbà wá wò ó, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó nù ún fún wọn."